Ẹ̀kọ́ 17: Ọmọ adìẹ tí kò lágbára

 Ẹ ti parí ìwé kìíní. Ẹ ti lè kà, ẹ ti lè kọ nọ́ńbà, ẹ ti mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò. Lónìí, ẹ mú ìwé àti bírò yín sọ́dọ̀, torí a máa lò ó.

Ta ni kò ní adìẹ nílé? Adìẹ ni owó tó súnmọ́ wa jù. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, bí wọ́n bá ní ká wá ra ìwé ilé-ìwé, bí àlejò bá dé lójijì, adìẹ la máa nawọ́ mú. Àwọn ìyá wa ló sì ń sìn ín jù. Owó adìẹ, owó ọwọ́ ìyá ni.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Adìẹ kan yé ẹyin 12. Ó sàba lé e fún ọjọ́ 21, ó pa ọmọ 10. Lẹ́yìn oṣù 2, ẹ kà wọ́n. Ẹ lè bá 4. Nígbà míì, 2 péré lẹ máa bá. Níbo làwọn yòókù lọ? A máa ń sọ pé àṣá ló gbé wọn. Lóòótọ́, àṣá ń gbé, ológbò ń gbé, ejò ń gbé. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣọ́ adìẹ rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ti kú kí wọ́n tó mọ ìrìn dé ibi tí àṣá ti lè rí wọn. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ìyá wọn jáde lọ wá oúnjẹ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àwọn tó lágbára tẹ̀ lé e, èyí tí kò lágbára kù sẹ́yìn nínú ìrì. Kò pẹ́, ó dákẹ́. Òtútù ló pa á, kì í ṣe àṣá.

Kí ló dé tí òtútù fi tètè ń pa á?

Ọmọ adìẹ tuntun kò ní ìyẹ́. Irun múlọ́múlọ́ ló wà lára rẹ̀. Ara rẹ̀ kò tíì lè dá ooru tirẹ̀ ṣe tó. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, nígbà tí ìyẹ́ gidi bá ti ń bò ó, kó tó lè dúró fúnra rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ooru ìyá rẹ̀ ló fi ń gbé.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ọmọ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ti gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá sáyé. Pupa ẹyin tó ṣẹ́ kù ti wọ inú ikùn rẹ̀ kó tó jáde, ìyẹn sì lè gbé e ró fún ọjọ́ 2 sí 3. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìíní, ebi kọ́ ló ń pa á kú. Bí ara rẹ̀ bá tutù, kò ní lè dìde, kò ní lè mumi, kò ní lè jẹun. Àwa á wá máa fi ìka ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a rò pé à ń ṣàánú rẹ̀. Oúnjẹ kò ṣiṣẹ́ kankan nínú ara tó tutù. Ẹ kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà, omi. Lẹ́yìn omi, oúnjẹ. Ẹ má ṣe yí i padà.

Ìyá àgbà kan bi mí nínú kíláàsì wa pé: «Ọmọ mi, ìyá tó bí mi kò dáná fún adìẹ rí, a sì jẹ adìẹ dàgbà.» Mo ní: «Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Àgbébọ̀ fúnra rẹ̀ ni iná. Kò sí àtùpà tó mọ iṣẹ́ náà tó o. Ọmọ tó bá lágbára, abẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀ ni kó wà. Èyí tí kò lè tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ nìkan là ń mú, àti èyí tí ìyá rẹ̀ ti kú.» Ó tún ní: «Bí ó bá wá yè ńkọ́, ṣé ìyá rẹ̀ máa gbà á?» Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí ọjọ́ kò bá tíì ju 2 tàbí 3 lọ, ẹ dá a padà lóru, nígbà tí òkùnkùn bá ti ṣú tí ìyá ń sùn. Ẹ rọra tì í sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Bó bá di òwúrọ̀, ìyá kò ní mọ̀ pé ó kúrò níbẹ̀ rí. Ẹ ṣọ́ wọn o: bí ìyá bá ń ṣá a lẹ́nu, ẹ tún mú un kúrò. Bí ó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Ẹ jẹ́ kí irun ara rẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó ṣèdájọ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń rẹ̀, ó máa ń sùn, kò túmọ̀ sí pé ó ń kú lọ. Àmọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti dìde tí òun ṣì dùbúlẹ̀, tó di ojú, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, tí igbe rẹ̀ kò lọ sókè, ẹ mú un. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Bí ẹsẹ̀ náà bá tutù, ara rẹ̀ ti tutù. Ẹ fi í sínú àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì, kí ẹ sì máa lọ tọ́jú ibi tí ẹ máa gbé e sí.

Ilé ooru

Bí wọ́n bá jẹ́ 3 tàbí 4, páálí kan tó. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ ká ẹní yípo kó dúró bí agbada ńlá, kó ga tó orúnkún. Ibi tó fẹ̀ tó mítà 1 láti ìhà kan sí ìkejì lè gba 40 ọmọ adìẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Bí wọ́n bá ṣe ń dàgbà, ẹ máa fẹ̀ ẹ́ sí i. Ìdí tí a fi fẹ́ kó rí róbótó ni pé bí òtútù bá mú wọn, inú igun ni wọ́n ń sá sí, wọ́n á sì tẹ ara wọn pa. Nínú páálí, ẹ gé páálí mìíràn dí àwọn igun náà.

Ẹ da èérún igi gbígbẹ láti ọ̀dọ̀ káfíńtà sílẹ̀, tàbí èèpo ìrẹsì, kó nípọn tó ìka 3. Ní ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ àpò àtijọ́ lé e lórí kí wọ́n má baà máa ṣa èérún igi jẹ. Ẹ má tẹ́ ọ̀rá tàbí bébà tó ń yọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ tí kò lágbára á yọ̀ lọ sí ọ̀tún àti òsì, kò sì ní lè dìde mọ́.

Ní ti ooru, ohun tó wà nílé la máa lò. Fún ọmọ 3 tàbí 4, ẹ bu omi gbígbóná sínú ìgò, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú páálí. Ó máa tutù láàárín wákàtí 2 tàbí 3, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Oorun dùn lóru, mo mọ̀, àmọ́ òru gan-an ni wọ́n ń kú. Fún èyí tó bá pọ̀, àtùpà tó ní gíláàsì dáa. Ẹ fi wáyà so ó rọ̀ láti òkè, kó má lè ṣubú, kó má sì súnmọ́ ẹní. Ẹlòmíràn ń lo ìkòkò èédú: wọ́n á dá èédú níta títí yóò fi pọ́n tí èéfín rẹ̀ á tán, wọ́n á fi eérú bò ó, wọ́n á gbé e sáàárín, wọ́n á to bíríkì yí i ká kí ọmọ adìẹ má baà fara kàn án.

Ẹ dákun, ẹ ka ibi yìí lẹ́ẹ̀mejì. Èédú tó ń jó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò rí. Ó ń pa adìẹ, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn sí yàrá tí ìkòkò èédú wà. Yàrá náà gbọ́dọ̀ ní ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde lókè. Bí ilé yín bá jẹ́ ti koríko, ìgò omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ lò. Kò sí ọmọ adìẹ tó tó ilé ẹni.

Ẹ̀yin tó ní iná mànàmáná tàbí iná oòrùn, ẹ fetí sí èyí: gílóòbù funfun tòde òní tí wọ́n ń pè ní LED kì í gbóná tó. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹnì kan lè tan án sórí páálí títí ilẹ̀ fi mọ́, kí òtútù sì pa gbogbo wọn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó ní okùn tó ń pọ́n nínú ló ń mú ooru wá.

Mélòó ni ooru náà? Bí ẹ bá rí tẹ̀mómẹ́tà, ẹ gbé e sí ibi tí wọ́n ń sùn, ní ìwọ̀n gíga ẹ̀yìn wọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, 32 sí 35. Lẹ́yìn náà, ẹ dín 3 kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ kò bá ní, ẹ wo àwọn ọmọ náà, wọ́n á sọ fún yín. Bí wọ́n bá ṣù jọ sídìí iná, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na ìyẹ́ apá, ooru ti pọ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, atẹ́gùn ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ wá ihò náà dí. Bí wọ́n bá tú ká, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan ń sùn, tí igbe wọn rọlẹ̀, ẹ lọ sinmi. Ooru gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí láàárín nìkan, kí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná lè rí ibi sá sí.

Ìgbà náà kó ipa tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì, òru àti àárọ̀ kùtù burú fún wọn. Àmọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní oṣù Kẹta, ọ̀sán lè kọjá 35 fúnra rẹ̀. Ẹ pa iná nígbà náà, kí ẹ tún un dá lálẹ́.

Omi àti oúnjẹ

Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, tó ti ń gbé orí sókè, ẹ fún un lómi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ní ọjọ́ kìíní nìkan, ẹ lè po ṣúgà ṣíbí ìjẹun 1 mọ́ omi lítà 1. Ẹ ti góńgó ẹnu rẹ̀ bọ omi díẹ̀, kó fúnra rẹ̀ gbé e mì. Ẹ má da omi sí i lọ́nà ọ̀fun. Omi á gba ọ̀nà èémí lọ, á kú síni lọ́wọ́. Ìdérí ìkòkò tí kò jìn ni kẹ́ ẹ bu omi sí, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, torí ọmọ tí kò lágbára lè ṣubú sínú omi tí kò ju ìka kan lọ, kó má sì lè jáde. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Oúnjẹ wá kàn. Àgbàdo lílọ̀ tí a fi asẹ́ kù dáa, àmọ́ àgbàdo nìkan kò tó. Ó máa yó, kò ní dàgbà. Ohun tó ń mú ara dàgbà ni kẹ́ ẹ fi kún un: sóyà tí a ti yan tí a sì lọ̀, ẹja gbígbẹ tí a gún. Ẹ tọ́ ẹja náà wò. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá pọ̀, ẹ má lò ó, iyọ̀ púpọ̀ ń pa ọmọ adìẹ. Àgbàdo tó ti bu, ẹ má sọ pé «adìẹ ló kúkú máa jẹ ẹ́». Májèlé inú rẹ̀ máa ń pa àwọn ọmọ kéékèèké ṣáájú àgbà.

Ikán ńkọ́? Àwọn bàbá wa mọ èyí, ó sì jẹ́ òótọ́ títí di òní. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ di pòròpórò àgbàdo gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sínú ìkòkò fífọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ dojú rẹ̀ dé ojú ihò ikán. Ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹ ṣí i. Ẹ yọ àwọn olórí ńlá tó ń buni jẹ kúrò, kí ẹ sì gbọn àwọn kéékèèké fún ọmọ adìẹ. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ẹran tó dára jù ú lọ fún wọn.

Lálẹ́, ẹ fọwọ́ kan àpò kékeré tó wà lábẹ́ ọrùn rẹ̀. Bó bá kún tó sì rọ̀, ó ti jẹun. Bó bá ṣófo, ẹ wá ìdí rẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn

Ìgbẹ́ lè gbẹ mọ́ ọn nídìí títí ihò á fi dí. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó máa kú. Ẹ fi aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, ẹ nù ún, ẹ gbẹ ara rẹ̀ nídìí iná, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á. Ẹ má fà á ya. Ẹ má sì ṣe àṣìṣe, ìdodo wà níwájú, lábẹ́ ikùn. Ẹ má fa ohunkóhun tó bá so mọ́ ìdodo. Bí ìdodo kò bá tíì dí, ẹ fi ìyódínì kán an, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá yà sọ́tọ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ so wọ́n, kí àyè tó ìka 1 wà láàárín wọn. Ẹ tú u lójoojúmọ́ wò. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ọ̀pọ̀ á dìde. Èyí tí kò bá dìde lẹ́yìn náà, tí kò lè dé ìdí omi, ẹ má jẹ́ kó máa jìyà. Kì í ṣe gbogbo wọn la lè gbà là.

Lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan adìẹ, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa fi ẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Ẹ kìlọ̀ fún wọn.

Ìwé ìkọsílẹ̀

Ìwé tí ẹ mú wá, àkókò rẹ̀ tó wàyí. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye tó wà àti iye tó kú. Báyìí:

Ọjọ́ 1: wọ́n jẹ́ 14. Kò sí òkú.
Ọjọ́ 2: 2 kú. Ó ku 12.
Ọjọ́ 3: 1 kú. Ó ku 11.
Ọjọ́ 24: 3 kú, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ó ku 8.

Ọjọ́ tí wọ́n kú ń sọ ohun tó pa wọ́n. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 1 sí 3, ẹ fura sí òtútù àti ìdodo. Bó bá jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ilẹ̀ tó tutù ló fà á. Ẹ kó gbogbo èérún igi náà dànù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ẹran fún oògùn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àti ọmọ àti ìyá bá ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìgbẹ́ wọn ní àwọ̀ ewé, tí ọrùn wọn ń lọ́, lúkúlúkú ni, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle. Kò ní oògùn tó ń wò ó. Àjẹsára nìkan ló lè dá a dúró kó tó dé. Ìgò àjẹsára kan máa ń tó adìẹ púpọ̀, nítorí náà ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ dá owó jọ, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ ẹran wá lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ṣe é kí ọyẹ́ tó dé. Bí àrùn náà bá ti wọlé, ẹ má kó adìẹ lọ tà lọ́jà. Ẹ ó gbé e lọ fún ará ibòmíràn. Èyí tó kú, ẹ sin ín jìn tàbí kí ẹ sun ún.

Ìṣirò àti ìjíròrò

1. Ẹ wo ìwé ìkọsílẹ̀ òkè yìí. Mélòó ló kú ní ọjọ́ 3 àkọ́kọ́? Kí lẹ rò pé ó pa wọ́n?

2. Ká ní adìẹ 1 tó dàgbà jẹ́ 2 500 fránkì. Ìyá kan ń gbà 4 là nínú 10. Ní báyìí tó ṣe ilé ooru, ó gba 7 là. Epo àtùpà àti sóyà ná an ní 1 800 fránkì. Èlò ló fi jèrè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

3. Bí a bá mú àwọn ọmọ lọ́wọ́ àgbébọ̀, ó máa ń tètè padà yé ẹyin. Ní ilé tiyín, ṣé kẹ́ ẹ mú gbogbo wọn ni àbí èyí tí kò lágbára nìkan? Ta ni yóò máa dìde lóru?